Àtàǹpàkò Lára Ògiri

Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì kan ògiri yìí.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ fún Thirza Luscombe
kó tó gbé àpò tó rà padà sẹ́yìn ọkọ̀.
Amọ̀ ni, amọ̀ pupa Hollacott,
pátákò màlúù ni wọ́n fi gún un mọ́ koríko àlìkámà.
Wọ́n mọ ipele kan, wọ́n dúró di oṣù kejì
kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn gùn ún.
Ògiri tí kò kánjú.
Ó nípọn dé ibi pé ológbò lè na ara tán lójú fèrèsé
kí ìrù rẹ̀ má yọ síta.

Àlùfáà tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ láya.
Ilé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo,
àárò láàrin ilẹ̀, kò sí ihò èéfín,
èéfín a máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ gba inú koríko òrùlé.
Ẹ gun àkàbà, ẹ tan iná wò ó:
ẹ̀kẹ́ óákù tó dúdú bí ìdí ìkòkò,
ọgọ́rùn-ún ọdún oúnjẹ alẹ́
àwọn ọkùnrin tó ń dá jẹun, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì ń yíni lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, òfin yí padà.
Àlùfáà kan dé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́jọ, àti ìyá ìyàwó.
Ẹ wo bí ilé ṣe sáré!
Wọ́n fi àjà la gbọ̀ngàn sí òkè àti ìsàlẹ̀,
wọ́n mọ ihò èéfín gàgàrà sí ẹ̀gbẹ́,
wọ́n ki àtẹ̀gùn bọ igun tí kò gbà á,
ó lọ́ bí ìwo àgbò.
Títí di òní, ibùsùn kan ò gba ibẹ̀ kọjá;
ojú fèrèsé ni a ti fi okùn fa ti Thirza wọlé.
Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ìyá ìyàwó
ló jìnnà jù lọ sí yàrá ìkàwé. N kò sọ nǹkan kan.

Fèrèsé kan wà níwájú tí kì í ṣe fèrèsé.
Ọba ń gba owó orí lórí ìmọ́lẹ̀ nígbà náà;
Àlùfáà Endacott ka fèrèsé rẹ̀, ó ka owó rẹ̀,
ó di mẹ́ta pa.
Ọmọbìnrin rẹ̀ fi ọ̀dà ya gíláàsì sójú ọ̀kan,
ó ya aṣọ fèrèsé, ó tún ya ìkòkò òdòdó.
Òjò ti fọ òdòdó lọ. Aṣọ ló kù.

Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ẹ tẹ̀ba kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
Ọ̀nà rẹ̀ kò gba ilé ìdáná, kò gba gbọ̀ngàn,
tààrà ló lọ sídìí ibùsùn àlùfáà.
Àwọn tí èèyàn wọn ń kú lọ lóru ni wọ́n la á fún.
Òkúta àtẹ̀wọlé ibẹ̀ ti jẹ wọnú
ju ti iwájú lọ.

Ọdún tí wọ́n bí mi ni ìjọ ta ilé náà.
Àlùfáà ìsinsìnyí ń gbé ilé bíríkì létí títì,
ìjọ márùn-ún ló wà lọ́rùn rẹ̀,
inú mọ́tò ló ti ń kọ ìwàásù.
Thirza ń wa ọkọ̀ wàrà, kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì,
àmọ́ ó ń tẹríba lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré yẹn lójoojúmọ́,
nítorí ó ga.

Ògiri lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárò. Aláǹgbá ò sí níbí;
èmi ni mo wọ ibẹ̀.
Mo ń ha ibi tó jẹrà kúrò lánàá, mo rí i:
ojú àtàǹpàkò kan, bíńtín,
ọmọ ọdún méje bóyá,
tó tẹ amọ̀ tútù nígbà tí àgbà yíjú.
Mo fi tèmi sí i, kò gbà á.
Iṣẹ́ mi ni kí ògiri dán. Ó yẹ kí n rẹ́ ẹ pa.
Mo po amọ̀, mo rẹ́ ẹ yí i ká, mo fi í sílẹ̀.

Thirza gbé tíì wá, ó ní ihò wo nìyẹn.
Mo ní fèrèsé ni.